Aago Mẹ́jọ, Aago Mẹ́sàn-án: Bí Actor Ṣe Ń Rántí Iṣẹ́ Tí Àkókò Rẹ̀ Kò Tíì Tó

Lẹ́yìn ètò tí a ṣe lórí actor, àwọn kan nínú yín ní àlàyé náà yé àwọn, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan: báwo ni actor ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìsinsìnyí? Iṣẹ́ tó di ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, tàbí iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ máa ṣe lójoojúmọ́. Mo ṣèlérí pé mà á kọ ọ́ sílẹ̀, torí kóòdù wà níbẹ̀, ẹnu kì í sì í ka kóòdù kó dùn létí. Òun nìyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ni mà á fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà, pẹ̀lú ìtìjú.

Màmá mi ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ní kí wọ́n máa lo oògùn ẹyọ kan láràárọ̀. Wọ́n máa ń gbàgbé. Mo bá kọ prógíráàmù kékeré kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù wọn ní aago mẹ́jọ àárọ̀: "Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín." Láti oṣù Kẹfà ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí wàhálà kankan, títí di ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Kẹwàá 2024. Mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin, mò ń lọ síbi iṣẹ́, fóònù mi bá dún. Màmá ni.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ tí o rán dé ní aago mẹ́jọ, mo sì ti lo oògùn. Ó tún ti dé báyìí, aago mẹ́sàn-án. Ṣé dókítà ló ní kí n fi ẹyọ kan kún un ni?"

Àyà mi já. Mo ní, "Rárá o, Màmá, ẹ má lò ó o!" Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n béèrè. Ẹni tó bá lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ jù, òòyì lè kọ́ ọ, ó sì lè ṣubú. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin tó bá ṣubú, ẹ mọ ibi tí ìyẹn lè já sí. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, mo jókòó, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo pa prógíráàmù náà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó rójú wá ìdí rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí ní ṣókí. Ní 1973 ni Carl Hewitt, Peter Bishop àti Richard Steiger gbé èrò actor jáde. Kì í ṣe òṣèré orí ìtàgé o, bí orúkọ náà tilẹ̀ jọ ọ́. Actor jẹ́ apá kan prógíráàmù tó dá dúró, tó ní nǹkan tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè fọwọ́ kàn, tó sì ní àpótí lẹ́tà kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣe nǹkan, lẹ́tà ni yóò kọ sí i. Actor á mú lẹ́tà kan, á ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀ tán, kó tó mú òmíràn. Ibẹ̀ ni gbogbo ààbò rẹ̀ wà: ọwọ́ méjì kì í wọ inú abọ́ kan náà pọ̀. Erlang, tí Joe Armstrong, Robert Virding àti Mike Williams ṣe ní Ericsson ní Sweden ní àwọn ọdún 1980, ló sọ irú iṣẹ́ yìí di ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ń gbára lé. Akka, tí Jonas Bonér gbé jáde ní 2009, ló mú un wá sọ́dọ̀ àwa tí a ń fi Java àti Scala ṣiṣẹ́. Akka ni mo lò. Láti ìgbà tí Akka ti yí ìwé àṣẹ rẹ̀ padà ní 2022, ọ̀pọ̀ ti kó lọ sí Apache Pekko tó jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tí mo máa sọ níbí kan àwọn náà.

Actor kì í sùn

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni pé kí actor sùn títí àkókò á fi tó. Thread.sleep, wákàtí mẹ́jọ, ó parí. Ẹ má dán an wò. Nínú Akka, ẹgbẹẹgbẹ̀rún actor lè máa pín ìwọ̀nba thread mẹ́jọ péré lò. Actor tó bá sùn lórí thread, ó dà bí ẹni tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tó wà nínú ọgbà, tó wá sùn lọ síbẹ̀. Ìlà ń gùn lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́. Tí mẹ́jọ bá sùn bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ti dákẹ́ nìyẹn.

Ní Erlang, ó sàn díẹ̀, torí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ kì í di thread mú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ṣì ń ṣán lu ara wọn nínú àpótí rẹ̀, kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ ní kó dúró, ẹ ò lè rí i bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé actor kì í dúró de àkókò. Ńṣe ló máa ń bẹ ẹlòmíràn níṣẹ́ pé: "Tó bá di ìgbà báyìí, kọ lẹ́tà sí mi." Lẹ́yìn náà á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀ níṣẹ́ yẹn ni à ń pè ní scheduler. Nígbà tí àkókò bá tó, lẹ́tà á wọlé sínú àpótí bíi ti gbogbo lẹ́tà yòókù, á tò sórí ìlà, actor á kàn án nígbà tó bá yí kàn án.

Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́tà ni mo sọ, n kò sọ kóòdù. Scheduler Akka máa gba kóòdù tí ẹ bá fún un pé kó bá yín ṣe, ṣùgbọ́n kóòdù yẹn kò ní ṣiṣẹ́ nínú actor. Orí thread mìíràn ni yóò ti ṣiṣẹ́, bóyá lásìkò kan náà tí actor ń ka lẹ́tà tirẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá wá fọwọ́ kan nǹkan inú actor, ọwọ́ méjì ti wọ inú abọ́ kan náà nìyẹn, gbogbo ààbò tí a torí rẹ̀ wá sídìí actor ti lọ. Mo ti rí ẹni tó lo ọjọ́ mẹ́ta lórí irú àṣìṣe yìí, torí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀. Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ máa rán.

Kóòdù tó fẹ́ pa Màmá lára

Ohun tí mo kọ nìyí, mo ti gé e kúrú:

    override def preStart(): Unit =
      context.system.scheduler.scheduleAtFixedRate(
        titiAagoMejo(), 24.hours, self, RanLeti)

preStart ni ohun tí actor máa ń ṣe bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní kí scheduler ka iye àkókò tó kù kí aago mẹ́jọ tó lù, kó kọ lẹ́tà RanLeti sí mi nígbà náà, kó sì máa kọ ọ́ ní gbogbo wákàtí 24 lẹ́yìn rẹ̀. Tí lẹ́tà bá dé, actor á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Màmá. Ṣé ẹ rí àṣìṣe níbẹ̀? Méjì ni. Èmi wò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, n kò rí ẹyọ kan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, lẹ́tà dé ní aago mẹ́jọ Nàìjíríà, actor fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, Màmá gbà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì tó padà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá wa gbé àtẹ̀jíṣẹ́ kò rí bó ṣe máa ń rí, kóòdù mi kò lè kà á, actor bá ṣubú.

Nínú ayé actor, ìṣubú kì í ṣe ìparun. Alábòójútó rẹ̀ á gbé e dìde, á fún un ní ara tuntun. Àdírẹ́sì rẹ̀ kò ní yí padà, àpótí lẹ́tà rẹ̀ kò ní yí padà, ẹni tó ń bá a ṣe kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ohun tó dára gan-an ni. Àmọ́ ara tuntun yìí á tún ṣe preStart látìbẹ̀rẹ̀, àfi tí ẹ bá sọ fún un pé kó má ṣe é. Ìyẹn ni pé ó tún lọ bẹ scheduler níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Scheduler kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣubú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a bẹ̀ ẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àdírẹ́sì tó ń kọ̀wé sí kò yí padà, kí ló máa dá a dúró? Báyìí ni aago méjì bẹ̀rẹ̀ sí í dún fún ẹnì kan ṣoṣo. Ká ní actor tún ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, aago márùn-ún ni ì bá máa dún láràárọ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ débi pé tí ẹnikẹ́ni bá ní "prógíráàmù wa ń ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì", ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ní Erlang àti Elixir, ó ní bó ṣe rí tirẹ̀: tí ẹ bá fi nọ́ńbà actor gan-an bẹ send_after níṣẹ́, bí actor yẹn bá kú, iṣẹ́ náà á pa rẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orúkọ tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ lẹ fún un, kò ní pa rẹ́. Nígbà tí àkókò bá tó ni yóò wo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà, á sì já lẹ́tà lé arọ́pò lọ́wọ́. Orúkọ rọrùn láti kọ, òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn kó sínú rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè kejì. Kí ló dé tí aago kejì kò fi dún ní mẹ́jọ, tó fi di mẹ́sàn-án?

Wákàtí 24 kì í ṣe ọjọ́ kan

Server mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, aago Lọ́ńdọ̀nù sì ni titiAagoMejo ń wò. N kò ronú sí i rárá, torí oṣù Kẹfà ni mo kọ ọ́, aago tiwa àti ti Nàìjíríà sì máa ń dọ́gba nígbà yẹn. Láti Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta ni Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, wọ́n á sì dá a padà ní Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá. Nàìjíríà kì í sún tirẹ̀ síbì kankan. Ní 2024, 27 oṣù Kẹwàá ni Sunday yẹn bọ́ sí. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Màmá pè mí.

Ẹ wá bá mi kà á. Aago mẹ́jọ lù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, aago méje ni. Actor ṣubú, ó dìde, ó béèrè pé, "Ó ku iye wákàtí kí aago mẹ́jọ tó lù?" Aago Lọ́ńdọ̀nù ní ó ku ẹyọ kan. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, aago mẹ́sàn-án Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kejì dé. Ká ní actor yẹn ṣubú nínú oṣù Kẹjọ, ọ̀la ni aago kejì ì bá dún, ní mẹ́jọ gééré pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, Màmá ì bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ méjì pọ̀ lójú kan náà, wọn ì bá sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Wákàtí kan tó wà láàárín wọn ló jẹ́ kó dà bí àṣẹ tuntun.

Ohun tó wá ya èmi fúnra mi lẹ́nu ni pé aago àkọ́kọ́ kò ṣìnà rárá. Láti oṣù Kẹfà ló ti ń ka wákàtí 24, 24, 24. Scheduler kì í wo aago ara ògiri. Aago inú ẹ̀rọ tí kì í padà sẹ́yìn ló ń wò, irú èyí tó kàn ń ka ìṣẹ́jú-àáyá lọ láì mọ ọjọ́ mọ oṣù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sún aago, kò kàn án. Nítorí pé Nàìjíríà náà kì í sún aago, àwọn méjèèjì ń bára wọn lọ. Orí ló kó mi yọ níbẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ká ní èmi tí mò ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ kó máa jí ní aago méje láràárọ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n dá aago padà, wákàtí 25 ló wà nínú ọjọ́ yẹn. Wákàtí 24 á ti pé nígbà tó ṣì ku wákàtí kan, á jí mi ní mẹ́fà. Nínú oṣù Kẹta, ọjọ́ oníwákàtí 23 á dé, á wá jí mi ní mẹ́jọ, mo ti pẹ́ ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston mọ̀ pé Nàìjíríà fi wákàtí mẹ́fà ṣíwájú yín nígbà ooru, ó sì di méje nígbà òtútù. Ìgbà tí ẹ̀yin ń sún tiyín kì í sì í bá tiwa ní Gẹ̀ẹ́sì mu. Brazil ti jáwọ́ nínú sísún aago ní 2019. Tógò fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Ẹni tó bá ní òun á há gbogbo èyí sórí, á ṣì í. Ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà wà sínú kóòdù. Ti Màmá, "Africa/Lagos" ni. Kó má jẹ́ ibi tí server wà, kó má sì jẹ́ ibi tí ẹ̀yin wà.

Bí mo ṣe tún un ṣe

    class Olurannileti extends Actor with Timers {
      override def preStart(): Unit = toAago()

      def receive = {
        case AkokoTo =>
          ranTiKoBaTiiLo(LocalDate.now(ZoneId.of("Africa/Lagos")))
          toAago()
      }

      def toAago(): Unit =
        timers.startSingleTimer("oogun", AkokoTo, titiAagoMejo())
    }

Nǹkan mẹ́ta ló yí padà, mà á pẹ́ díẹ̀ lórí ìkẹta.

Àkọ́kọ́, n kò lọ sọ́dọ̀ scheduler fúnra mi mọ́; timers ni mo lò, èyí tó so mọ́ ìgbésí ayé actor. Bí actor bá ṣubú tàbí tó bá parí iṣẹ́, gbogbo aago tó tò á pa rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún ní orúkọ, "oogun". Tí ẹ bá tún to aago mìíràn sórí orúkọ kan náà, ti tẹ́lẹ̀ á kúrò. Kò sí bí aago méjì ṣe lè dún. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo actor tuntun ti Akka, Behaviors.withTimers ni ti yín.

Timers tún bá wa bo ihò kan tí a kì í rí. Ká ní ẹ fẹ́ fagi lé aago, ṣùgbọ́n ó ti dún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sẹ́yìn, lẹ́tà rẹ̀ sì ti wà nínú àpótí, ó ń dúró lórí ìlà. Ẹ fagi lé e, ó ní ó ti gbọ́, síbẹ̀ lẹ́tà náà á yí kàn. Timers Akka máa ń fi àmì sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tó bá rí èyí tí a ti fagi lé, á sọ ọ́ nù kó tó dé ọ̀dọ̀ actor. Ní Erlang, start_timer máa ń fi nọ́ńbà aago sínú lẹ́tà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu.

Èkejì, kò sí wákàtí 24 mọ́. Aago ẹlẹ́ẹ̀kan ni mo ń tò, tí iṣẹ́ bá sì parí, mo tún béèrè pé ìgbà wo ni aago mẹ́jọ tó kàn ní Nàìjíríà, mo tún tò ó. Ọjọ́ ì báà gùn, ì báà kúrú, kò kàn mí.

Ìkẹta ni ranTiKoBaTiiLo. Ó ń wo ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan lórí dísìkì: ṣé a ti rán ti òní? Tí a bá ti rán an, kò ní tún rán. Ẹ lè ní, ṣebí aago kò lè dún lẹ́ẹ̀mejì mọ́, kí ni ìwé wà fún? Aago inú ẹ̀rọ àti aago ara ògiri kì í bára wọn rìn gẹ́lẹ́. Aago lè dún nígbà tí ti ara ògiri ṣì ku ìwọ̀nba mílísẹ́kọ́ǹdì kó lu mẹ́jọ. Actor á rán iṣẹ́, á béèrè pé "ìgbà wo ni mẹ́jọ tó kàn?", wọ́n á ní "ní báyìí". Màmá á gba méjì. Ìwé ló ń dá ìyẹn dúró.

Ìgbà wo wá ni kí n kọ ọ́ sínú ìwé: kí n tó rán ni, tàbí lẹ́yìn tí mo bá rán an tán? Ìbéèrè yìí ló gbà mí ní alẹ́ méjì. Tí mo bá kọ "mo ti rán" ṣáájú, tí actor wá ṣubú kó tó rán an, Màmá kò ní gba nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Tí mo bá kọ ọ́ lẹ́yìn, tó ṣubú láàárín, Màmá á gba méjì. Kò sí ọ̀nà kẹta. Ẹni tó bá ní òun ní ọ̀nà tí iṣẹ́ á fi dé lẹ́ẹ̀kan péré láìkù síbì kan, láì jẹ́ pé ẹni tó ń gbà á náà ń ràn án lọ́wọ́, ẹ rọra gbọ́ tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè bá yín mú nínú méjèèjì, ẹni tó mọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún ló máa mú. Tó bá jẹ́ owó lẹ fẹ́ san, méjì burú ju òdo lọ. Tó bá jẹ́ ìkìlọ̀ pé iná ń jó, òdo burú ju méjì lọ. Fún oògùn yìí, èmi mú pé kí n kọ ọ́ ṣáájú.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ń ṣe lemọ́lemọ́

Oògùn ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ kò fi gbogbo ìṣòro hàn. Ẹ jẹ́ ká mú prógíráàmù tó ń béèrè iye tí pọ́n-ùn ń lọ sí náírà ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Akka 2.6, tó jáde ní 2019, ọ̀nà méjì ló wà, orúkọ wọn sì jọra.

scheduleAtFixedRate ń tẹ̀lé aago bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá pẹ́, á sáré bá a. Ká ní JVM dákẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú-àáyá kó lè gbá ilẹ̀ inú mẹ́mọ́rì rẹ̀, bó bá jí, ogójì lẹ́tà á rọ́ wọlé pọ̀. Ẹni tí ẹ ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ lè rò pé ẹ fẹ́ kọlu òun ni, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. scheduleWithFixedDelay dà bí aláàkàrà tó máa ń sinmi díẹ̀ lẹ́yìn tó bá kó kan kúrò nínú epo kó tó da òmíràn sí i. Tó bá pẹ́, ó pẹ́ náà nìyẹn, kì í sáré bá ohun tó ti kọjá. Èyí ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mú. Ìgbà tí ẹ bá ń ka iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ dín, ni kẹ́ ẹ mú ti àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ó ní ibì kan tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Bó bá jẹ́ lẹ́tà lẹ ní kó máa rán, ìsinmi tí FixedDelay ń sọ jẹ́ láàárín rírán lẹ́tà kan àti rírán èyí tó tẹ̀ lé e. Kò mọ̀ bóyá actor ti ka ti tẹ́lẹ̀. Tí iṣẹ́ kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, tí lẹ́tà ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ìṣẹ́jú-àáyá, àpótí á kún títí mẹ́mọ́rì á fi tán. Ìdí nìyẹn tí èmi fi fẹ́ràn ti òkè yẹn: ṣe iṣẹ́ tán, kó o tó to aago tó kàn.

Kẹ̀kẹ́ ọjà ọrọọrún

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi rí pé tí actor ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún bá bẹ scheduler níṣẹ́, ṣé gbogbo ìwé wọn ló ń tú wò léraléra ni. Rárá o. Ọgbọ́n tí George Varghese àti Tony Lauck kọ nípa rẹ̀ ní 1987 ló ń lò, kẹ̀kẹ́ tó ní ojúlé, tí ọwọ́ aago ń yí lọ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti àwọn bàbá wa ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní òní jẹ́ ọjọ́ Awo, ẹnì kan sì jẹ yín lówó tó máa san ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sí òní. Mẹ́rin lọ́nà méjì, ó ku ẹyọ kan: ojúlé Ògún ni ẹ máa fi ìwé gbèsè náà sí, ẹ kọ "2" sí i lára. Ọ̀la, ọwọ́ aago dé Ògún, ẹ rí 2, ẹ sọ ọ́ di 1. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ sọ ọ́ di òdo. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, ẹ gbowó. Ìwé inú ojúlé kan ṣoṣo lẹ ń wò lóòjọ́. Àwọn àgbà tún máa ń ka òní mọ́ ọn, ìdí tí ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọrọọrún nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àríyànjiyàn lórí bóyá kíkà bẹ̀rẹ̀ láti òdo tàbí láti ení jẹ́ tuntun.

Ojúlé 512 ni ti Akka ní, ọwọ́ aago rẹ̀ sì ń sún ní gbogbo mílísẹ́kọ́ǹdì 10, tí ẹ kò bá yí i padà. Ìyípo kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 5.12. Nítorí pé ìgbà tí ọwọ́ bá sún nìkan ló ń wo ojúlé, ẹ má retí kó dún ní mílísẹ́kọ́ǹdì gan-an tí ẹ sọ. Kò sì lè ka ju nǹkan bí ọjọ́ 248 lọ. Ẹni tó bá ní kó rán òun létí ọjọ́ ìbí ọmọ òun ní ọdún tó ń bọ̀, àṣìṣe ló máa rí.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé inú mẹ́mọ́rì ni kẹ̀kẹ́ yìí wà. Tí server bá kú, gbogbo ìwé inú ojúlé ti lọ. Ohun tó bá ju wákàtí mélòó kan lọ, ẹ kọ ọ́ sínú dátábéèsì, kí actor máa kà á nígbà tó bá jí. Ti Màmá, bí actor bá jí tó rí i pé aago mẹ́jọ ti kọjá, tí ìwé sì ní a kò tíì rán ti òní, á rán an tí ọ̀sán kò bá tíì pọ́n. Tó bá ti kọjá aago méjìlá, kì í rán nǹkan kan sí Màmá. Èmi ló ń kọ̀wé sí, kí n fi ẹnu ara mi pè wọ́n. Ohun kan náà ló ń ṣe bí ìwé bá ní ó ti rán an, ṣùgbọ́n tí kò rí èsì gidi gbà. Kò yẹ kí prógíráàmù máa pinnu irú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti yí padà. Ó wá ń kà pé: "Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Oògùn ti ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kọkànlá nìyí, ẹyọ kan. Tí ẹ bá ti lò ó, ẹ má tún lò ó." Tó bá dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọjọ́ kan náà ló ń sọ. Màmá ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n bá àwọn sún ti ọjọ́ Sunday sí aago mẹ́fà, torí pé ní aago mẹ́jọ, àwọn ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù sì ti wà ní pípa. Ìlà kan péré ni mo yí padà nínú titiAagoMejo. Orúkọ rẹ̀ ló ku kí n wá ṣe nǹkan sí.